Ìtàn Pápá Gọ́ọ̀fù St Andrews àti Ẹgbẹ́ Rẹ̀: Àwọn Ìbéèrè Tó Máa Ń Wáyé Jù

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ló máa ń padà wá ṣáá nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ St Andrews bá délẹ̀. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn lọ sórí èyí tó ń fa àríyànjiyàn.

Níbo ni St Andrews wà?

Ìlú kékeré kan ni, ní agbègbè Fife, níhà ìlà-oòrùn Skọ́tlándì, létí Òkun Àríwá. Ó ti lókìkí kí ayé tó máa fi gọ́ọ̀fù pè é. Ibẹ̀ ni kàtídírà tó tóbi jù ní Skọ́tlándì wà kó tó di àlàpà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì dá yunifásítì àkọ́kọ́ ní Skọ́tlándì sílẹ̀ ní 1413.

Pápá gọ́ọ̀fù méje ló wà lábẹ́ àkóso kan náà níbẹ̀ lónìí. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni Old Course, ẹ̀gbẹ́ ìgboro gan-an ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kan tí mọ́tò àti ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, tí wọ́n ń pè ní Granny Clark's Wynd, dábùú ihò àkọ́kọ́ àti ihò tó kẹ́yìn (nínú gọ́ọ̀fù, ihò ni wọ́n tún ń pe gbogbo ojú ọ̀nà láti ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù títí dé ihò tó gbọ́dọ̀ wọ̀). Ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró kí ẹni tó ń lọ sétí òkun kọjá.

Ṣé Royal and Ancient, ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù tó lókìkí jù nílùú náà, ló ni Old Course?

Rárá. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Ilé olókùúta tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ihò àkọ́kọ́, èyí tí ẹ máa ń rí nínú fọ́tò, ni ti ẹgbẹ́ náà. Koríko tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ti ìlú ni.

Ẹgbẹ́ náà ń gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn nílùú ṣe ń gbá a: St Andrews Golf Club tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ dá sílẹ̀ ní 1843, New Golf Club tó bẹ̀rẹ̀ ní 1902, àti àwọn ẹgbẹ́ obìnrin bíi St Rule àti St Regulus. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ni ilẹ̀.

Ta ló ya àwòrán pápá náà?

Kò sí ẹni tó jókòó yà á. Òkun fà sẹ́yìn, ó fi iyanrìn sílẹ̀. Atẹ́gùn gbá iyanrìn náà jọ ní òkìtì òkìtì, koríko hù lé e, àgùntàn àti ehoro sì ń jẹ koríko náà mọ́lẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gba ọ̀gbìn, ìdí nìyẹn tí ìlú fi fi í sílẹ̀ fún ìlò gbogbogbòò. Wọ́n ń da ẹran níbẹ̀, wọ́n ń sá aṣọ níbẹ̀, wọ́n ń ta ọfà níbẹ̀, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù.

Àwọn kòtò iyanrìn tó máa ń há bọ́ọ̀lù mọ́ pàápàá, tí wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún lónìí, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí àgùntàn ti ń fara pamọ́ fún atẹ́gùn òkun ni koríko ti máa ń tán. Ibi tí bọ́ọ̀lù púpọ̀ ń balẹ̀ sí, tí ọ̀pá ń hú ilẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, náà máa ń di kòtò. Ọwọ́ ènìyàn wọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àmọ́ egungun pápá náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gọ́ọ̀fù ní St Andrews?

Kò sí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan pàtó, torí eré àwọn ará ìlú ni, kò sí ẹni tó ń kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a ní ni òfin tí wọ́n fi lòdì sí i. Ní 1457, Ilé Aṣòfin Skọ́tlándì, nígbà Ọba James Kejì, pàṣẹ pé kí wọ́n pa gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tì, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí àwọn ọkùnrin ráyè kọ́ ọfà títa, bẹ́ẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀tá tí ogun wọn lè dé nígbàkígbà. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1471, wọ́n tún un ṣe ní 1491. Òfin tí wọ́n ní láti ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó dájú pé ará ìlú kò kà á sí. Ní 1502, Ọba James Kẹrin fúnra rẹ̀ ra ọ̀pá gọ́ọ̀fù lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ṣe ọrun ní Perth.

Ní ti St Andrews gan-an, ìwé tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà John Hamilton fọwọ́ sí ní 1552. Ìlú gba Bíṣọ́ọ̀bù láyè láti máa sin ehoro lórí ilẹ̀ náà, òun náà sì jẹ́wọ́ ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú láti máa gbá gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa ta ọfà, kí wọ́n sì máa ṣe gbogbo eré yòówù níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìwé náà kò fún wọn ní ẹ̀tọ́ tuntun. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe tipẹ́ ló kọ sílẹ̀.

Ìgbà wo ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀?

Ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, 1754. Àwọn ọlọ́lá àti ìjòyè 22 dá owó jọ, wọ́n ra ọ̀pá gọ́ọ̀fù oní fàdákà kan, wọ́n sì ní kí àwọn agbágọ́ọ̀fù wá díje fún un. Society of St Andrews Golfers ni wọ́n ń jẹ́ nígbà náà. Ẹni tó bá borí ni ọ̀gá ẹgbẹ́ fún ọdún náà, yóò sì so bọ́ọ̀lù fàdákà kan mọ́ ọ̀pá yẹn. Ní 1834, Ọba William Kẹrin gbà láti jẹ́ baba ìsàlẹ̀ wọn, orúkọ wọn sì di Royal and Ancient Golf Club of St Andrews. Ilé wọn tó wà níbẹ̀ lónìí ṣí ní 1854.

Lóde òní, yíyàn ni wọ́n ń yan ọ̀gá ẹgbẹ́, àmọ́ ó ṣì gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kó tó jókòó lórí àga rẹ̀. Inú oṣù Kẹsàn-án, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ni wọ́n ń ṣe é. Bó ṣe gbá bọ́ọ̀lù náà ni wọ́n yin àgbá. Àwọn kádì, ìyẹn àwọn tó ń bá agbágọ́ọ̀fù ru ọ̀pá, ti tò sójú pápá. Èyí tó bá rí bọ́ọ̀lù náà gbé padà wá fún ọ̀gá tuntun gba owó wúrà kan.

Ṣé ẹgbẹ́ náà ló pẹ́ jù lágbàáyé?

Rárá. Ẹgbẹ́ àwọn agbágọ́ọ̀fù Edinburgh, tí wọ́n ń gbá ní Leith nígbà náà, ti ní òfin eré 13 lákọsílẹ̀ láti 1744, ọdún mẹ́wàá kí ti St Andrews tó dìde. Òfin yẹn náà ni àwọn St Andrews gbà lò, pẹ̀lú àyípadà díẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ihò 18?

Ẹ lè ti gbọ́ pé ìgò wisikí kan ló ní ife méjìdínlógún, pé ìdí nìyẹn. Ìtàn ilé ọtí ni, kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀.

Bó ṣe rí gan-an rèé. Ilẹ̀ tóóró ni pápá náà, ó gùn lọ láti ìgboro títí dé etí odò Eden. Àwọn agbágọ́ọ̀fù máa ń gbá ihò 11 lọ, wọ́n á sì yí padà gbá 11 bọ̀, ìyẹn 22. Ní 1764, wọ́n rí i pé àwọn ihò mẹ́rin àkọ́kọ́ kúrú jù, wọ́n sì sọ wọ́n di méjì. Nítorí pé ojú kan náà ni wọ́n ń gbà lọ tí wọ́n ń gbà bọ̀, méjì yọ lálọ, méjì yọ lábọ̀. Ó ku 18.

Wọn kò gbèrò láti fi ṣòfin fún ẹnikẹ́ni. Lákòókò yẹn, ihò márùn-ún ni Leith ní. Nígbà tí Open Championship, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá tí wọ́n ń pè ní Open, bẹ̀rẹ̀ ní pápá Prestwick ní Skọ́tlándì ní 1860, 12 ni ihò ibẹ̀, wọ́n sì gbá a yípo lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Bí ọ̀rọ̀ St Andrews ṣe ń rinlẹ̀ sí i láàárín àwọn ẹgbẹ́ yòókù ni iye ihò wọn náà ṣe di àṣà kárí ayé.

Kí ni ìjà ehoro tí wọ́n máa ń sọ?

Ìjà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa pápá náà run ni. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìgbìmọ̀ ìlú jẹ gbèsè títí ọrùn, ní 1797 wọ́n sì fi ilẹ̀ náà dúró fún owó. Kò pẹ́ tó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kan láti ìdílé Dempster. Ehoro sísìn ni ti àwọn wọ̀nyẹn, torí ẹran àti awọ rẹ̀ ń mówó wọlé. Wọ́n tú ehoro sílẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ihò gọ́ọ̀fù wà.

Ẹ fojú inú wò ó. Ehoro ń gbẹ́lẹ̀ lójú ibi tí bọ́ọ̀lù ti yẹ kó máa yí geere, ihò wọn pọ̀ ju ihò eré lọ, bọ́ọ̀lù tó sì bá wọlé síbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àwọn agbágọ́ọ̀fù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Àwọn ará ìlú kò sì dúró de adájọ́, wọ́n ń pa ehoro náà nítorí wọ́n gbà pé ilẹ̀ bàbá wọn ni. Ìjà yìí le ju ohun tí a lè fi rẹ́rìn-ín lọ: ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ni bóyá ìgbìmọ̀ ìlú lè fi ohun tí gbogbo ìlú jọ ni san gbèsè.

Ó tó 1821 kí ó tó rọlẹ̀. James Cheape, onílẹ̀ Strathtyrum tó wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá náà, tó sì jẹ́ agbágọ́ọ̀fù, ra ilẹ̀ náà kí gọ́ọ̀fù má bàa parẹ́ níbẹ̀. Èmi ò rí ẹlòmíràn tí Old Course jẹ ní gbèsè ọpẹ́ tó bàbá yìí, síbẹ̀ ìwọ̀nba èèyàn ló mọ orúkọ rẹ̀.

Báwo ni ìlú ṣe gba ilẹ̀ rẹ̀ padà?

Ọwọ́ ìdílé Cheape ni ó wà fún èyí tó ju 70 ọdún lọ. Ní 1894, ìgbìmọ̀ ìlú gba òfin kan ní Ilé Aṣòfin tó fún wọn láyè láti rà á padà. Àdéhùn kan tẹ̀lé e: ẹgbẹ́ Royal and Ancient yóò san owó pápá kejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì ní àkókò tiwọn láti gbá. Pápá kejì náà ni New Course, tó ṣí ní 1895. Ìgbà yẹn ni èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ wá di Old Course. Jubilee tẹ̀lé e ní 1897, Eden ní 1914.

Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń gbá a tẹ́lẹ̀. Ní 1913 ni àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, àwọn onílùú kò sì san kọ́bọ̀ títí di 1946. Láti 1974 ni òfin mìíràn ti dá St Andrews Links Trust sílẹ̀ láti máa bójú tó gbogbo pápá náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbogbòò.

Ta ni Old Tom Morris?

Ọmọ bíbí ìlú náà ni, wọ́n bí i ní 1821. Ọ̀dọ̀ Allan Robertson ló ti kọ́ṣẹ́, ọkùnrin tí gbogbo èèyàn gbà pé kò sẹ́ni tó mọ gọ́ọ̀fù gbá tó o nígbà ayé rẹ̀, tó sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó parí Old Course kí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù tó pé 80. Ìgbà 79 ló gbá a ní 1858.

Iṣẹ́ Robertson ni bọ́ọ̀lù ṣíṣe. Wọ́n á rán awọ, wọ́n á fi ihò kékeré kan sílẹ̀, wọ́n á wá máa fi irin ki ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n ti sè wọ inú rẹ̀, ìyẹ́ tó lè kún fìlà gíga kan. Bí awọ bá ń gbẹ, ó ń sún kì, bí ìyẹ́ bá ń gbẹ, ó ń wú, bọ́ọ̀lù á sì le bí òkúta. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kì í ṣe ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lóòjọ́. Ní 1848 ni bọ́ọ̀lù tuntun dé, tí wọ́n fi oje igi gutta-percha ṣe. Ó pọ́ọ́kú, òjò kì í bà á jẹ́, bó bá sì fọ́, wọ́n á fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́, wọ́n á tún un mọ. Robertson rí i pé ó máa gba oúnjẹ lẹ́nu òun. Nígbà tó gbọ́ pé Tom ti fi gbá, wọ́n jà, Tom sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1851 ó lọ sí Prestwick.

Ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pè é padà sílé ní 1864 láti wá máa tọ́jú pápá, 50 pọ́n-ùn lọ́dún. Ó ti borí nínú Open lẹ́ẹ̀mẹta nígbà náà, ó sì tún borí ní 1867 ní ẹni ọdún 46. Kò tíì sí ẹni tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ tó borí nínú rẹ̀. Òun ló fẹ pápá náà, tó gé igbó ẹlẹ́gùn-ún sẹ́yìn, tó ń da iyanrìn sórí koríko kó lè dì dáadáa, ó sì ṣe ibi ihò tuntun fún ti àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn. Ó fẹ̀yìn tì ní 1903, ó kú ní 1908. Ihò kejìdínlógún ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Young Tom gba Open ní 1868 nígbà tó wà ní ẹni ọdún 17, ó tún gbà á ní 1869 àti 1870. Òfin ìdíje ni pé ẹni tó bá gba ìgbànú awọ tó jẹ́ ẹ̀bùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra ti di oní-ìgbànú. Ó gbé e lọ ilé. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ díje fún mọ́, kò sì sí Open ní 1871. Ẹgbẹ́ mẹ́ta, tí Royal and Ancient jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wá dáwó ra ife fàdákà tí wọ́n ń pè ní Claret Jug. Young Tom ló tún borí ní 1872, kí ife náà tó ṣe tán.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1875, ìyàwó rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà ni Young Tom náà kú, ní ẹni ọdún 24. Ìtẹ́ òkú kàtídírà ni wọ́n sin ín sí. Baba rẹ̀ lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sí i láyé lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ló dé tí ihò méjì fi ń pín gíríìnì kan?

Gíríìnì ni ibi tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ yí ihò ká. Nígbà tí èrò kò pọ̀, ihò kan náà ni ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ń lò. Bọ́ọ̀lù oje igi tó pọ́ọ́kú mú kí agbágọ́ọ̀fù pọ̀ sí i, ọkọ̀ ojú irin náà dé ìlú ní 1852, wàhálà sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fẹ gíríìnì náà, wọ́n gbẹ́ ihò méjì sórí rẹ̀, àsíá funfun fún àwọn tó ń lọ, pupa fún àwọn tó ń bọ̀.

Irú gíríìnì bẹ́ẹ̀ méje ló wà. Ihò 1, 9, 17 àti 18 nìkan ló dá tiwọn ní. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 2 pẹ̀lú 16, 3 pẹ̀lú 15, 4 pẹ̀lú 14, títí dé 8 pẹ̀lú 10. Nọ́ńbà àwọn méjì tó bá wà pọ̀ máa ń jẹ́ 18.

Ewu wo ló wà ní ihò kẹtàdínlógún?

Road Hole ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà tó yá gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gba orí igun òtẹ́ẹ̀lì kan, níbi tí ahéré ojú irin wà tẹ́lẹ̀. Gíríìnì rẹ̀ tóóró, ó dábùú. Kòtò iyanrìn jíjìn kan wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà ọlọ́dà àti ògiri òkúta, bọ́ọ̀lù tó bá sì dé ibẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò ti gbá a.

Ní Open 1978, Tommy Nakajima ti dé orí gíríìnì, ó fẹ́ rọra ta bọ́ọ̀lù sídìí ihò, ó yí wọ inú kòtò yẹn, ó sì gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kó tó parí ihò náà. Ní 1984, bọ́ọ̀lù Tom Watson lọ sẹ́bàá ògiri náà, Seve Ballesteros sì gba ife. Kòtò tó ń jẹ́ Hell ní ihò kẹrìnlá náà kò mọ àgbà: ní 1995, Jack Nicklaus gbá a lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó jáde nínú rẹ̀.

Báwo ni afárá Swilcan ti pẹ́ tó?

Nǹkan bí 700 ọdún. Àwọn darandaran ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè da àgùntàn kọjá odò kékeré náà. Afárá òkúta kúkúrú ni, kò gùn tó mítà mẹ́wàá. Ní 2023, wọ́n to òkúta sí ìdí rẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ èrò ti jẹ koríko ibẹ̀ tán. Ariwo tó ta kárí ayé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi hú u kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo wà lẹ́yìn àwọn tó pariwo.

Ìgbà mélòó ni Open ti wáyé níbẹ̀?

Ìgbà 30 títí di 2022, kò sí pápá mìíràn tó tó bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti 1873, tí Tom Kidd, ọmọ ìlú náà, borí, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé Claret Jug lé lọ́wọ́. Tiger Woods gbà á níbẹ̀ ní 2000, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò sì wọ kòtò iyanrìn kankan fún ọjọ́ mẹ́rin, ó tún gbà á ní 2005. Cameron Smith ló gba ti 2022.

Ẹni tí ìlú náà fẹ́ràn jù ni Bobby Jones láti Amẹ́ríkà. Ní 1921, ní ẹni ọdún 19, ó há sínú kòtò ní ihò kọkànlá, inú bí i, ó fi eré sílẹ̀. Ó padà wá ní 1927, ó borí, ó sì ní kí ife náà dúró ní St Andrews. Ní 1958 ìlú sọ ọ́ di ọmọ onílùú. Benjamin Franklin nìkan ni ọmọ Amẹ́ríkà tó ti gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ní 1759.

Kí ló dé tí wọn kì í gbá a lọ́jọ́ Àìkú?

Ẹ̀sìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìsinmi koríko ló jẹ́ kó dúró títí dòní, yàtọ̀ sí àkókò ìdíje ńlá. Lọ́jọ́ náà, pápá padà di ti ẹlẹ́sẹ̀: ìdílé ń rìn kiri, ajá ń sáré, ọmọdé ń ya fọ́tò lórí afárá. Kò sí ẹni tó máa bi ẹnikẹ́ni pé kí ló wá ṣe.

Ṣé àlejò lè gbá níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni ìdìbò orúkọ: ẹ máa forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n á sì fa orúkọ yọ. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìwọ̀n agbára yín nínú gọ́ọ̀fù. Àwọn onílùú ní ìwé ọdọọdún tiwọn, owó wọn kò sì sún mọ́ ti àlejò. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń gbá pápá náà sódìkejì?

Òótọ́ ni. Bí a ṣe ń gbá a lónìí kọ́ ni wọ́n ń gbá a láyé àtijọ́. Láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń gbá lọ sí gíríìnì tó di ti ihò kẹtàdínlógún lónìí, wọ́n á sì máa yí lọ láti apá òsì. Nígbà tí Old Tom ṣe gíríìnì tuntun fún ihò àkọ́kọ́ ní nǹkan bí 1870, ó ṣeé ṣe láti gba apá ọ̀tún. Wọ́n wá ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìdíje Amateur Championship ti 1886 tilẹ̀ wáyé ní apá òsì.

Èyí ló tú àdììtú kan fún ẹni tó bá rin pápá náà: àwọn kòtò kan wà níbi tí kò sí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lè dé bọ̀rọ̀. Ẹ yí padà kí ẹ kọjú síbi tí àwọn àtijọ́ ń kọjú sí, ẹ ó rí i pé ojú ọ̀nà gan-an ni wọ́n wà.

Ìgbà wo ni ẹgbẹ́ náà gba obìnrin wọlé?

Ọdún 260 lẹ́yìn ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, 2014 ni wọ́n dìbò, nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún sì fara mọ́ ọn. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ní 2015 ni Annika Sörenstam, Laura Davies àti Renee Powell wà. Ó pẹ́ jù, kò sì sí àlàyé tó lè mú un kúrú.

Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé obìnrin kò sí lórí ilẹ̀ náà títí di ìgbà yẹn. Láti 1867 ni àwọn obìnrin ìlú ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, lórí ilẹ̀ olókìtì tí wọ́n ń pè ní Himalayas, níbi tí wọ́n ti ń rọra ta bọ́ọ̀lù sínú ihò. Wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ torí àwọn ọkùnrin ayé ìgbà náà gbà pé kò yẹ kí obìnrin gbé ọ̀pá kọjá èjìká. Ẹgbẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ìdíje Open ti àwọn obìnrin kọ́kọ́ dé Old Course ní 2007, Lorena Ochoa ló borí.

Ṣé ohun kan náà ni The R&A àti Royal and Ancient Golf Club?

Láti 2004, rárá. Láti 1897 ni ẹgbẹ́ náà ti ń ṣe òfin eré fún àwọn ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà ó tún wá ń darí Open. Ní 2004, wọ́n ya iṣẹ́ òfin àti ìdíje sọ́tọ̀ fún àjọ tuntun tó ń jẹ́ The R&A. Ẹgbẹ́ padà di ẹgbẹ́, nǹkan bí ọmọ ẹgbẹ́ 2,400 káàkiri ayé. Ilé iṣẹ́ ìròyìn ṣì máa ń da méjèèjì pọ̀.

Ṣé Old Course ni pápá gọ́ọ̀fù tó pẹ́ jù lágbàáyé?

Ó dá lórí ohun tí ẹ bá kà sí ẹ̀rí. Àwọn ará Musselburgh, lẹ́bàá Edinburgh, ní àkọsílẹ̀ ẹnì kan tó gbá gọ́ọ̀fù lórí pápá wọn ní oṣù Kẹta 1672, wọ́n sì ń fi èyí ṣe àmì ẹ̀yẹ. Ìwé Bíṣọ́ọ̀bù Hamilton ti 1552 ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 120, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú ló sọ, kò dárúkọ ẹni tó gbá, kò sì sọ ibi tí ihò wà.

Lójú tèmi, ìwé 1552 ni ó wúwo jù, torí kò sí ìlú tó máa jà fún ẹ̀tọ́ eré tí kò sí. Ẹni tó bá ní orúkọ àti ọjọ́ nìkan ni òun máa gbà, kí ó mú ti Musselburgh. Pápá ihò mẹ́sàn-án ni, ó ṣì wà ní ṣíṣí, ti gbogbogbòò ni òun náà.